Mọ́tò Tí Wọ́n Gbé Lé Màmá Liao Lórí

Agbòjò ni Ọ̀gá Tsao kọ́kọ́ wò, kó tó wo òkú.

Òkú náà wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn òkúta tó gun òkè láti ẹ̀yìn èbúté Keelung. Ó dojú kọ ọ̀run, òjò sì ń rọ̀ sí i lójú. Láti ìrọ̀lẹ́ àná ni òjò yẹn ti bẹ̀rẹ̀, kò dáwọ́ dúró rárá. Àwa tí wọ́n bí ní Keelung kì í ka òjò sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ti àárọ̀ ọjọ́ náà tutù, ó sì ṣókùnkùn. Ṣe ló ń da ara ẹ̀ sórí òkúta bí ẹni tó ń fọ nǹkan tí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn rí.

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú agbòjò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú náà, ó tú okùn tí wọ́n fi dì í, ó ti ìka méjì bọ inú ẹ̀.

Ó ní, "Pan, fọwọ́ kàn án."

Mo fọwọ́ kàn án. "Inú ẹ̀ gbẹ, Ọ̀gá."

"Èèyàn jáde nílé nínú irú òjò yìí, kò ṣí agbòjò tó mú lọ́wọ́. Kí ló fẹ́ fi ṣe?"

Tsao Yin-hui, ọ̀gá mi nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá, ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ó kúrú, ó sanra díẹ̀, ojú ẹ̀ sì máa ń dà bíi ti ẹni tí oorun ń kùn. Ọ̀pọ̀ ọ̀daràn tó gbà pé oorun ló ń kùn ún lóòótọ́ ló wà lẹ́wọ̀n títí di òní.

Liao Yueh-o lorúkọ olóògbé. Opó ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, iṣẹ́ àwọ̀n títúnṣe ló fi ọjọ́ ayé ẹ̀ ṣe. Ọrùn ẹ̀ wà láìbò. Ihò kan wà nísàlẹ̀ ọ̀fun ẹ̀, ó rí roboto bí ojú bọ́tìnnì aṣọ òtútù, òjò sì ti kún inú ẹ̀. Ńṣe ni mo gbójú kúrò.

"Jẹjẹrẹ ọ̀fun ni." Ẹni tó sọ̀rọ̀ ni Yu Wan-chang, olórí tí wọ́n dìbò yàn ní àdúgbò náà. Alága ni gbogbo èèyàn ń pè é. Òun ló rí òkú náà, òun ló ké pe àwọn èèyàn, òun náà ló wá dúró ti Ọ̀gá, ó fi agbòjò ńlá kan bò ó kí òjò má bàa pa á. "Àwọn dókítà gé àpótí ohùn ẹ̀ kúrò. Ihò yẹn ló fi ń mí látìgbà náà. Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́."

"Ẹ ṣé, Alága. Kí lẹ rò pé ó ṣẹlẹ̀?"

"Ó yọ̀ ṣubú ni. Ẹnu mi ti gbó lórí ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn yìí lọ́dọ̀ ìjọba ìlú." Ó rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀. "N kò fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn o. Ṣùgbọ́n ẹ bi Po-jung, ọmọ àbúrò ẹ̀, ohun tó wá ṣe níbí lánàá. Gbogbo òpópó ló gbọ́ ariwo ẹ̀."

Kí ọ̀sán tó pọ́n, dókítà tó yẹ òkú wò ti bá Ọ̀gá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní egungun tó dá lára màmá náà, lẹ́yìn tó ti kú ló dá. Àìrí èémí mí ló pa á. Ẹnì kan fi àtẹ́lẹwọ́ dí ihò ọrùn ẹ̀ pa, ó sì tẹ̀ ẹ́ gan-an, torí ojú àtàǹpàkò hàn lábẹ́ etí. Kò sí ojú ọwọ́ kankan ní imú, kò sí ní ẹnu.

Ọ̀gá fi fóònù sápò. Ó ní ká lọ rí Màmá Kuo, aládùúgbò olóògbé.

*

Kuo Pi-hsia ń gbé òdìkejì ilé olóògbé. Òun náà ti dàgbà, ó sì tín-ín-rín. Kò sunkún níwájú wa.

"Èmi ni ohùn ẹ̀," ló kọ́kọ́ sọ. "Tó bá fẹ́ ra ẹja, á fọwọ́ júwe, èmi á ná an. Tí ẹlẹ́ja bá rẹ́ ẹ jẹ, á fi ojú bú u, èmi á fi ẹnu bú u." Ó wo Ọ̀gá. "Ìbòrùn ẹ̀ ńkọ́?"

"Ìbòrùn wo, Màmá?"

"Èyí tí mo fi òwú búlúù hun fún un, tó fi ń bo ihò yẹn. Kì í jáde láìsí i. Ọmọ mi, Yueh-o ń bẹ̀rù òjò ju ikú lọ. Ìkán omi kan péré tó bá wọ ibẹ̀, bí ẹni ń rì sínú odò ló máa ń rí."

Ọ̀gá mi orí díẹ̀. "Ta lẹ rò pé ó ń bínú sí i?"

"Ìjọba."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ojú tí màmá náà fi wò mí pa ẹ̀rín náà sí mi lẹ́nu.

"Wọ́n ní ó jẹ mọ́tò. Ilé ìtajà ńlá tó wà létí èbúté yẹn ṣe ìpolówó ọdún tuntun, wọ́n mú orúkọ nínú àpótí, orúkọ Yueh-o ló jáde. Mọ́tò tuntun. A ò gbọ́, a ò rí i, a ò gbóòórùn ẹ̀. Ìgbà tí owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún un dúró ló lọ bèèrè. Wọ́n ní kì í ṣe tálákà mọ́, pé owó ńlá wọlé fún un lọ́dún yìí. Àbí owó oṣù ni mọ́tò ni?"

"Lójú òfin, nǹkan kan náà ni wọ́n," ni Ọ̀gá dá a lóhùn. "Ẹ̀bùn tó bá ti tóbi, owó tó wọlé ni. Ẹni tó jẹ ẹ́ á kọ́kọ́ san ìdá kan nínú mẹ́wàá iye ẹ̀ fún owó orí kí wọ́n tó fà á lé e lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ìjọba á tún ka gbogbo iye ẹ̀ mọ́ ohun tónítọ̀hún rí lọ́dún náà, bí ẹni pé ó ṣiṣẹ́ gbà á ni."

"Ta ló wá san ìdá kan yẹn? Yueh-o ò lówó ẹja."

"Màmá, ẹ já ìbéèrè yẹn gbà mọ́ mi lẹ́nu ni."

Màmá Kuo tún ìjókòó ṣe. "Èmi náà jẹ tèmi. Wọ́n ní mo jẹ ìrìnàjò lọ sí Hokkaido lókè òkun, pé mo sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì olómi gbígbóná, mo sì jẹ akàn. Ìgbà tí mo jáde ní Keelung kẹ́yìn, ọkọ mi ni mo lọ sin."

"Báwo ni orúkọ yín ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn?"

"Gbogbo àwa arúgbó òpópó yìí la fi ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ sílẹ̀ nígbà tí ilé ìtajà náà fún wa ní ìrẹsì ọdún. Alága ló bá wọn kó o jọ." Ó na ọwọ́ sí ilé òdìkejì. "Àárọ̀ yìí ló yẹ ká jọ lọ sí ọ́fíìsì owó orí. Èmi ni kí n sọ̀rọ̀ fún un níbẹ̀. Mo ti wọṣọ tán, mo ń dúró dè é, igbe ni mo gbọ́."

*

Po-jung kò sá. Ọjà ẹja tó ti ń ṣiṣẹ́ la ti mú un. Ó jókòó níwájú wa ní àgọ́ ọlọ́pàá, bàtà rọ́bà wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ó ń rùn bí inú ọkọ̀ apẹja. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ó máa ń ta tẹ́tẹ́. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ti parí.

Mo ní, "Kí lo lọ pariwo lé àǹtí ẹ lórí lánàá?"

"Mọ́tò."

"O fẹ́ gbà á?"

"Mo fẹ́ rí i ni. Ẹnì kan sọ ọ́ fún mi lọ́jà pé àǹtí mi jẹ mọ́tò. Inú bí mi pé ó fi pa mọ́ fún èmi tí mo ń gbé ẹja wá fún un." Ó gbójú sókè. "Ẹ̀yin ọlọ́pàá, ẹ ronú wò. Tí àǹtí mi bá ní mọ́tò, ṣé alùpùpù tí ìjókòó ẹ̀ ti ya ni màá máa gùn nínú òjò yìí?"

"Bóyá o ti tà á."

"Tí mo bá tà á, àwọn tí mo jẹ ní gbèsè ò bá ti bá yín jó lẹ́nu ọ̀nà."

Ọ̀gá rọra dá sí i. "Po-jung, ká ní o fẹ́ gbé àǹtí ẹ jáde nínú òjò, báwo lo ṣe máa gbé e?"

"N kò lè gbé e. Kò gun alùpùpù mi rí torí eruku. Kì í wọ takisí torí èéfín sìgá. Mọ́tò Alága nìkan ló ń wọ̀. Àtìgbà tí àìsàn yẹn ti dé ni Alága ti ń gbé e lọ sí ọsibítù, tó ń gbé e bọ̀, kò gba nǹkan kan rí." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Mo pariwo mọ́ àǹtí mi, Ọ̀gá. Ó kàn ń la ẹnu, kò sóhùn tó ń jáde. Mo bá ní, 'Ẹ ò rí nǹkan sọ, àbí?' Ọ̀rọ̀ tí mo bá a sọ kẹ́yìn nìyẹn."

Àwọn ẹlẹ́ja bíi mẹ́fà ló jẹ́rìí pé ọ̀dọ̀ àwọn ni Po-jung wà láti ìdájí títí a fi mú un. Ọ̀gá ní kí wọ́n fún un ní tíì gbígbóná, kí wọ́n jẹ́ kó máa lọ.

*

Ẹni tó ń darí ìpolówó nílé ìtajà náà ni Hou Ting-yao. Ọ́fíìsì ẹ̀ wà lájà òkè pátápátá, fèrèsé ẹ̀ fẹ̀, àwọn ọkọ̀ ojú omi dúró nísàlẹ̀ nínú kùrukùru. Aago ọwọ́ ẹ̀ á tó owó oṣù mi fún ọdún kan. Ó rẹ́rìn-ín pàdé wa.

"Màmá Liao? Ó mà ṣe o. Mo rántí ẹ̀ dáadáa. Ta ló máa gbàgbé ẹni tó jẹ mọ́tò?"

"Òun fúnra ẹ̀ ló wá gbà á?" ni Ọ̀gá bi í.

"Òun fúnra ẹ̀. Arúgbó onírun funfun."

"Ó sì san owó orí?"

"Ìdá kan nínú mẹ́wàá, níbí yìí, kó tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Àwa là ń gbà á fún ìjọba, a kì í fi ṣeré."

"Owó yẹn pọ̀ fún opó."

"Àwọn arúgbó wọ̀nyí, Ọ̀gá, ẹ má fojú aṣọ wọn wò wọ́n. Abẹ́ ibùsùn ni báǹkì wọn wà."

"Inú ẹ̀ dùn?"

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ó pariwo débi pé àwọn oníbàárà ń yíjú wò wá. 'Èmi kẹ̀! Mọ́tò!' Ohùn ẹ̀ le bíi ti àwọn obìnrin èbúté."

Mo tẹjú mọ́ bàtà mi kí Hou má bàa rí ojú mi. Ọ̀gá ní tiẹ̀ kàn ń mi orí bí ẹni tó fẹ́ sùn.

"Kò padà wá rojọ́ kankan?"

"Ẹjọ́ kí ni ẹni tó jẹ mọ́tò fẹ́ rò?"

Ọ̀gá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, a jáde. Bí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ agbéniròkè ti pa dé, mo ní, "Òun ni, Ọ̀gá. Kò rí màmá yẹn rí láyé ẹ̀. Irọ́ ló ń pa."

"Irọ́ ló ń pa lóòótọ́. Olè ni. Kì í ṣe òun ló pa á."

"Kí ló dé tí olè á fi máa san owó orí?"

"Torí pé ẹni tó san ìdá kan ló gbé ìdá mẹ́sàn-án lọ. Òṣìṣẹ́ ilé ìtajà ò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀bùn ilé ìtajà, Pan. Ó nílò orúkọ tó wà láàyè, tí ìjọba mọ̀, tónítọ̀hún ò sì ní bèèrè nǹkan kan. Ó gbé mọ́tò, ó tà á, ó gbé ẹrù ẹ̀ ka arúgbó lórí. Bí ọdún bá yí, owó orí tó kù á lọ bá arúgbó yẹn nílé, Hou á ti gbàgbé orúkọ ẹ̀."

"Ó nídìí láti pa á nìyẹn."

"Ó nídìí. Ṣùgbọ́n ká ní Hou ni, ẹnu ló máa dí, torí ó gbà pé ẹnu ni màmá yẹn fi ń pariwo. Ẹni tó pa á kò fọwọ́ kan ẹnu ẹ̀. Ó mọ ibi tí èémí ẹ̀ ń gbà."

Ẹ̀rọ náà ń sọ̀ kalẹ̀, àwa méjèèjì nìkan la wà nínú ẹ̀.

"Agbòjò ẹ̀ gbẹ," ni Ọ̀gá tún sọ, "torí agbòjò ẹlòmíràn ló bò ó. Ẹnì kan lọ mú un lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, ó fi tiẹ̀ bò ó títí dé inú mọ́tò tó gbé sí òkè àtẹ̀gùn. Inú mọ́tò yẹn ló ti bọ́ ìbòrùn lọ́rùn ẹ̀, ó dí ihò náà pa, ó wá ju òkú ẹ̀ sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Mọ́tò ta ni Màmá Liao ń wọ̀?"

Po-jung ti sọ ọ́ fún wa. Mo gbọ́ ọ, ó sì kọjá létí mi.

"Pe Màmá Kuo," ni Ọ̀gá wí.

Fóònù náà dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e.

*

Ẹsẹ̀ la fi sáré gun àtẹ̀gùn náà. Ilẹ̀kùn Màmá Kuo ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Agbòjò ńlá kan fara ti ògiri lẹ́nu ọ̀nà, omi ń kán lára ẹ̀.

Màmá Kuo dúró láàárín ilé, ó ti wọ aṣọ òjò. Alága Yu ló jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó dára nínú yàrá náà.

"Ẹ wò ó, ọmọ mi," ni Màmá Kuo wí. "Alága ní òun á gbé mi lọ sí ọ́fíìsì owó orí, kí n lọ parí ohun tí Yueh-o bẹ̀rẹ̀. Mọ́tò ti wà lókè."

"A pè yín lórí fóònù, Màmá."

"Mo gbọ́ ọ. Alága ní kí n má gbé e, pé àwọn oníjìbìtì ti pọ̀ jù."

Alága rẹ́rìn-ín sí wa. Ọ̀gá fa àpótí kékeré kan, ó jókòó sórí ẹ̀, ó nu òjò lójú. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó wá kíni.

"Alága, ó ti rẹ̀ yín lónìí."

"Iṣẹ́ wa ni, Ọ̀gá."

"Ìgbà tí ẹ dé ọ̀dọ̀ Màmá Liao láàárọ̀, ṣé ó ti jẹun?"

"Rárá, ó fọwọ́ júwe pé tí òun bá dé ni..."

Ó gé ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Màmá Kuo yí ojú sí i, ó ń wò ó, kò ṣẹ́jú.

"Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, Alága," ni Ọ̀gá wí.

Ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ọwọ́ ẹ̀ gbóná, ọwọ́ ńlá ni. Mo gun àtẹ̀gùn tó kù. Mọ́tò náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúbọ òrìṣà ilẹ̀, ó funfun, ó mọ́ tónítóní. Ìbòrùn òwú búlúù há sáàárín ìjókòó iwájú àti ilẹ̀kùn. Okùn ẹ̀ ti já.

Nígbà tí mo gbé e padà wọlé, Màmá Kuo gbà á lọ́wọ́ mi kí n tó ráyè fún Ọ̀gá. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún un pé kó fi sílẹ̀.

"Hou ní orúkọ lásán ni." Ilẹ̀ ni Alága ń bá sọ̀rọ̀. "Ó ní kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. N kò mọ̀ pé wọ́n á dá owó ìrànwọ́ wọn dúró. Tí mo bá mọ̀, n kò ní gbà. Ìbò sì ń bọ̀. Tí Yueh-o bá sọ fún wọn ní ọ́fíìsì owó orí pé èmi ni mo gba káàdì lọ́wọ́ wọn..."

Ọ̀gá ti pe àgọ́, ó ní kí wọ́n lọ mú Hou kó tó kúrò lọ́fíìsì. Lẹ́yìn náà ló tún kọjú sí Alága.

"Mélòó nínú àwọn arúgbó òpópó yìí ló jẹ ẹ̀bùn?"

"Gbogbo wọn."

Òjò ń dún lórí páànù. Mo ronú kan àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tí mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn yẹn. Arúgbó kan wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì máa dìde láti ṣílẹ̀kùn tí Alága bá kàn án.

"Kí lẹ fẹ́ fi Màmá Kuo ṣe?" ni Ọ̀gá bi í.

"Kò sí o. N kò ní fi í ṣe nǹkan kan." Ó gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́, omi dúró lójú ẹ̀. Mo sì gbà pé kì í ṣe ẹkún ẹ̀tàn. "Mo kàn fẹ́ bẹ̀ ẹ́ ni. Pé kó má dárúkọ mi. Ẹ̀bẹ̀ lásán."

"Màmá Liao ńkọ́?"

Ó tún wolẹ̀.

"Mo kọ́kọ́ bẹ òun náà. Ó mi orí pé rárá."

Mo yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Màmá Kuo ti ká ìbòrùn náà sọ́wọ́, ó dì í mú ṣinṣin. Ó lọ dúró níwájú ọkùnrin náà, kò ké, kò gbé ọwọ́ sókè.

Ó ní, "Wan-chang, dìde lórí àga mi."